Asẹ́ èéfín ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó dí: kí ẹ tó sun ún, kí ẹ tó rà á, kí ẹ tó gé e

Iná kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ akẹ́rù. Àwòrán rẹ̀ jọ àpótí kékeré tí tóótòòtó kún inú rẹ̀. Kò pẹ́, ọkọ̀ ò lágbára mọ́; bí awakọ̀ ṣe tẹná tó, kò gun òkè bó ṣe ń gùn ún tẹ́lẹ̀. Ó bi èèyàn léèrè, ìdáhùn sì pọ̀ ju ìbéèrè lọ. Àwọn kan ní kó gbé ọkọ̀ sójú títì márosẹ̀ kó sáré dáadáa, wọ́n ní á ṣí fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní asẹ́ ti kú, òmíràn ni kó rà. Àwọn kan ní kí wọ́n gé e sọnù kí wàhálà tán nílẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ èèyàn lójú ni pé gbogbo ìmọ̀ràn yẹn ló ti ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan rí. Ẹni tó sáré lójú títì rí i pé iná kú lóòótọ́. Ẹni tó ra tuntun náà rí i pé ọkọ̀ padà sípò, àfi ìgbà tó ṣe díẹ̀ tí iná tún tàn. Ìdí ni pé "asẹ́ dí" kì í ṣe orúkọ àìsàn kan ṣoṣo. Nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń tan iná yẹn, ọ̀kan nínú wọn ò sì ní í ṣe pẹ̀lú pé asẹ́ dí rárá. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí tó wà níwájú òun, owó ló ń fi ṣe àyẹ̀wò.

Kí ni asẹ́ yìí, kí ló sì ń sẹ́?

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń tú lúbúlúbú dúdú kan jáde mọ́ èéfín. Òun ló ń mú kí ẹnu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ àtijọ́ dúdú kirikiri. Nínú àlàyé yìí, èérí la ó máa pè é. Ó kéré débi pé ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Lọ́dún 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín dísẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn.

Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní DPF ni wọ́n fi ń mú èérí yìí kó má bọ́ síta. Tí ẹ bá wò ó látìta, agolo irin ńlá ni, ó wà lójú ọ̀nà èéfín láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹnu sàlẹ́ńsà. Inú agolo náà ni amọ̀ líle kan wà tí ihò wẹ́wẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá lóòró. Ọgbọ́n ibẹ̀ rèé: wọ́n dí ẹnu ihò kan níwájú, wọ́n dí ti ìkejì rẹ̀ lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ títí gbogbo ihò fi tán. Èéfín tó bá wọnú ihò kan ò rí ibi jáde, àfi kó gba ara ògiri amọ̀ náà bọ́ sínú ihò kejì. Ara ògiri náà ní ojú tín-tìn-tín tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Èérí ò lè gba ibẹ̀, ó kú sára ògiri.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 ló mú kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fi asẹ́ yìí sí i. Ní Yúróòpù, òfin Euro VI tó mú àwọn ọkọ̀ ńlá tuntun láàárín 2013 sí 2014 ló sọ ọ́ di ohun tí wọn ò lè ṣe aláìní. Ọkọ̀ tó bá jáde ṣáájú ìgbà yẹn lè má ní in rárá.

Asẹ́ yìí ní aládùúgbò kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Níwájú rẹ̀ ni agolo mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní DOC. Òun kì í sẹ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó jó epo tó bá wà nínú èéfín, kí ooru lè jáde. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí ó máa di afurasí láìpẹ́.

Ṣé èérí ló kún un ni, àbí eérú?

Ẹ wo àdògán tí wọ́n fi èédú dáná. Èédú tó ṣẹ́kù lálẹ́, bí ẹ bá koná sí i láàárọ̀, á jó. Eérú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fẹ́ ẹ títí, ẹ da kẹrosín lé e lórí, kò ní jó mọ́. Ṣe lẹ máa kó o dànù.

Nǹkan méjì yìí gan-an ló ń kún inú asẹ́ ọkọ̀. Èérí ni ti èédú: kábọ́ọ̀nù láti inú epo tí kò jó tán ni, bí ooru bá tó, á jó di gáàsì, á sì bá ẹnu sàlẹ́ńsà jáde. Eérú kì í ti inú dísẹ́ẹ̀lì wá púpọ̀. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń jó ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, kódà èyí tó jẹ́ tuntun, ọ́ìlì náà sì ní àwọn èròjà bíi kálísíọ́ọ̀mù àti sínkì tí wọ́n pò mọ́ ọn kó lè dáàbò bo irin. Nígbà tí ọ́ìlì bá jó, àwọn èròjà wọ̀nyẹn ò jó. Wọ́n di eérú, wọ́n sì jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò asẹ́ títí tí ẹnìkan á fi wá kó wọn.

Èérí lè kún asẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn. Eérú máa ń gbà tó ọ̀kẹ́ àìmọye kìlómítà. Ìdí nìyí tí kò fi bọ́gbọ́n mu kí wọ́n sọ fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì rìn jìnnà pé eérú ló kún un, kò sì bọ́gbọ́n mu kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti rìn títí tí wọn ò fọ asẹ́ rẹ̀ rí máa fi ojoojúmọ́ sun ún.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Tí mẹkáníìkì bá so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ọkọ̀ mọ́ ọn, kóòdù P2463 ń sọ pé èérí ti pọ̀ jù, P242F ń sọ pé eérú ló pọ̀ jù. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, nọ́ńbà ni wọ́n ń lò: 3719 fún èérí, 3720 fún eérú, 3251 fún ìfúnpá èéfín tó wà láàárín iwájú asẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Tí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé "asẹ́ yín ti dí", ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì. Bí kò bá lè dáhùn, kò tíì yẹ ọkọ̀ náà wò.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń sun èérí fúnra rẹ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Èkíní ò gba kí ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun: bí ọkọ̀ bá ru ẹrù tó sì ń sáré lójú títì, èéfín á gbóná tó láti máa jẹ èérí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ooru tó ń ṣe èyí máa ń wà láàárín 250°C sí 400°C, torí DOC ń ṣe gáàsì kan tó ń bá èérí jà láìdúró de iná ńlá.

Ìkejì, kọ̀ǹpútà ló ń dá a ṣe. Bó bá rí i pé èérí ti ń pọ̀, á tú epo díẹ̀ sínú èéfín. Ọkọ̀ mìíràn ń gba inú sìlíńdà tú u, nígbà tí píṣítọ́ọ̀nù bá ti ń lọ sísàlẹ̀. Òmíràn ní ẹnu kékeré kan lójú paìpù èéfín tí epo ń gbà jáde. DOC á jó epo náà, ooru á gòkè dé nǹkan bíi 550°C sí 650°C, èérí inú asẹ́ á sì gbiná. Ó lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, awakọ̀ sì lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.

Ìkẹta ni kí ọkọ̀ dúró sójú kan kí awakọ̀ tẹ bọ́tìnnì, tàbí kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ rẹ̀ pàṣẹ pé kó sun ún. Èyí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń pè ní "regen", bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti lè rí ibi tí ìmọ̀ràn "sáré lójú títì" ti wá báyìí. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ṣe ọkọ̀ náà ni pé ìrìn kúkúrú ló ń rìn, tí wọ́n ń paná ẹ́ńjìnnì kí sísun tó parí, eré gígùn á tún un ṣe lóòótọ́. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, eré yẹn kàn ń fi kún èérí ni.

Ẹni tó ń paná ẹ́ńjìnnì láàárín sísun léraléra ní ewu mìíràn tó yẹ kó mọ̀. Lórí ọkọ̀ tó ń gba inú sìlíńdà tú epo, díẹ̀ nínú epo náà máa ń ṣàn sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá wọn ọ́ìlì tí ẹ rí i pé ó ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, ẹ má yọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ló ti pò mọ́ ọn, ọ́ìlì tó ṣàn bẹ́ẹ̀ ò lè dáàbò bo irin mọ́.

Kí ni àwọn iná náà ń sọ?

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ìwé ọkọ̀ yín ló sì láṣẹ jù lórí èyí. Síbẹ̀ bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí: iná asẹ́ tó tàn gbọin ń sọ pé kí ẹ fún ọkọ̀ láyè láti sun èérí. Bó bá ń ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti di kánjúkánjú. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá dara pọ̀ mọ́ ọn tí agbára ọkọ̀ sì dín kù, kọ̀ǹpútà ló mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù kó lè dáàbò bo asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì. Bí iná pupa tó ní kí ẹ dúró bá tàn, ẹ dúró.

Iná kan wà tó máa ń dẹ́rù bani lásán: èyí tó ń sọ pé èéfín gbóná gan-an. Òun kì í ṣe àmì pé nǹkan bàjẹ́. Ó ń kìlọ̀ fún yín kí ẹ má gbé ẹnu sàlẹ́ńsà sún mọ́ ohun tó lè jó.

Ṣé asẹ́ dí lóòótọ́, àbí sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́?

Ibi tó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ibẹ̀ ló sì rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Ó yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fò jù.

Kọ̀ǹpútà ò lè rí inú asẹ́. Ohun tó ní ni sẹ́ńsọ̀ kan tó ní rọ́bà tàbí paìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì: ọ̀kan mú ìfúnpá èéfín níwájú asẹ́, èkejì mú un lẹ́yìn. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kọ̀ǹpútà ṣe ń gbà pé èérí ń pọ̀ sí i. Bí rọ́bà kan bá ya, tó yọ́, tí omi wọnú rẹ̀, tí èérí dí ẹnu rẹ̀, tàbí tí ẹnìkan tó tú ọkọ̀ gbé méjèèjì sódì nígbà tó ń dá wọn padà, irọ́ ni kọ̀ǹpútà ń gbà gbọ́.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ò gba wàhálà. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láìta ẹ́ńjìnnì. Èéfín ò ṣàn, nítorí náà ìyàtọ̀ ìfúnpá gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ka nǹkan gidi kan níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àrùn, ẹ ò tíì ní ẹ̀sùn kankan lọ́wọ́ lórí asẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́, kí ẹ tó wá tẹná díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀, kó sì gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá dúró gbagidi sójú kan láìka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí, kò ka nǹkan kan.

Irú àyẹ̀wò yìí wà fún àwọn sẹ́ńsọ̀ ooru pẹ̀lú. Láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú tí gbogbo nǹkan ti tutù, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ooru lójú ọ̀nà èéfín gbọ́dọ̀ máa ka iye kan náà, ìyẹn bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Èyí tó bá dá yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bá wí.

Òdìkejì náà wà. Bí ìyàtọ̀ ìfúnpá bá kéré jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára, asẹ́ lè ti là nínú. Ẹ ki ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà nígbà tó bá tutù: asẹ́ tó pé kì í jẹ́ kí dúdú dé ibẹ̀. Bí ìka yín bá dúdú, èérí ń rí ibi gbà kọjá.

Ta ló ń da èérí sínú rẹ̀?

Ká ní sẹ́ńsọ̀ ń sọ òótọ́, èérí ló kún un, ọkọ̀ náà sì ń rin ìrìn gígùn dáadáa. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀.

Láyé ọkọ̀ tí kò ní asẹ́, bí ínjẹ́kítọ̀ kan, ìyẹn ẹnu tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú epo jù, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ló máa mọ̀. Èéfín dúdú á bo títì. Ọkọ̀ tó ní asẹ́ ò ní ẹ̀rí yẹn mọ́, torí asẹ́ ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ́ńjìnnì lè ti máa ṣàìsàn fún oṣù púpọ̀ tí ẹnu sàlẹ́ńsà á ṣì mọ́ tónítóní. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń béèrè fún sísun ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ni èéfín dúdú tiẹ̀. Asẹ́ ń ròyìn ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni.

Afẹ́fẹ́ ni ẹ kọ́kọ́ wò. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ò lè jó tán, èérí ló máa dà. Rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ tipátipá, lọ sínú ẹ́ńjìnnì máa ń là tàbí kó bọ́ díẹ̀ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ á sì máa jò. Ẹ máa gbọ́ ìró fíífíì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, ẹ sì lè rí àpá ọ́ìlì níbi tó ti ń jò. Rọ́bà kan ṣoṣo tó là lè mú kí wọ́n ra asẹ́ tuntun tí kò yẹ. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti dọ̀tí jù náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn afẹ́fẹ́, fáàfù EGR. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì kí iná inú rẹ̀ má gbóná jù. Bó bá há ní ṣíṣí, èéfín tó ń padà á pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tútù á dín kù, èérí á pọ̀. Ohun tó ń tu EGR lára, tí omi rẹdíétọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tún lè là kí omi máa jò sínú èéfín. Bí omi rẹdíétọ̀ bá ń dín kù tí ẹ ò rí ibi tó ń jò sí, ẹ má yẹra fún ìfura yìí, torí èròjà inú omi yẹn lè ba DOC àti asẹ́ jẹ́ pátápátá.

Ínjẹ́kítọ̀ tó ń jò àti tọ́bò tí ìdè ọ́ìlì rẹ̀ ti jẹ ló kù lẹ́yìn wọn. Ti tọ́bò burú lọ́nà méjì: ọ́ìlì tó ń jò ń di èérí lónìí, ó sì ń fi eérú tí kò ní kúrò mọ́ sílẹ̀. Bí ọ́ìlì yín bá ń dín kù kánkán tí ẹ kò rí i nílẹ̀, ojú ọ̀nà èéfín ló ń lọ.

Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ìdúró ò nílò àrùn kankan kí asẹ́ tó dí. Èéfín ò ní gbóná tó, èérí á máa rọ̀ wọlé láìsí ohun tó ń jó o. Awakọ̀ tó ń sùn nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn yóò máa rí iná asẹ́ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, bí ọkọ̀ wọn tilẹ̀ jẹ́ ìbejì.

Epo náà ń kó tirẹ̀ wá. Asẹ́ àti DOC ní ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an. Òfin Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù lọ, ti Yúróòpù ní 10. Ibi tí epo bá ní imí-ọjọ́ púpọ̀, DOC kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Kí ló dé tí sísun ò yọrí?

Nígbà mìíràn ẹ́ńjìnnì ò ní ẹ̀ṣẹ̀, èérí ń wọlé níwọ̀n tó yẹ, àmọ́ iná tó yẹ kó jó o ò tàn. Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ wo bọ́tìnnì tó wà nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ní èyí tó ń fòfin de sísun, fún ìgbà tí ọkọ̀ bá wà níbi tí iná léwu. Awakọ̀ kan lè tẹ̀ ẹ́ kó gbàgbé, kí ẹlòmíràn wá máa wá àrùn kiri.

Kọ̀ǹpútà náà lè kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ò bá gbóná tó, bí búréèkì ìdúró ò bá sí lórí nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, tàbí bí kóòdù mìíràn bá ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún àwọn yẹn ṣe.

Bó bá bẹ̀rẹ̀ tí kò yọrí, ooru ló máa sọ ẹni tó jẹ̀bi. DOC kì í lè jó epo àfi bí èéfín tó ń wọnú rẹ̀ bá ti dé nǹkan bíi 250°C sí 300°C. Lẹ́yìn tí epo bá dé, ooru tó ń jáde lẹ́yìn DOC gbọ́dọ̀ fò sókè kọjá 500°C. Bí kò bá gòkè, nǹkan méjì ló lè jẹ́. Epo ò dé, torí ẹnu kékeré tó ń tú u ti dí. Tàbí epo dé, DOC ò lè jó o, bóyá èérí ti bo ojú rẹ̀ tàbí agbára rẹ̀ ti tán. Imú yín á fi ìyàtọ̀ hàn yín: èéfín funfun tó ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì tútù ń sọ pé epo ń dé, kò sì sí ẹni tó ń jó o. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn asẹ́ gbóná gan-an ju ẹ̀yìn DOC lọ, ẹ dá a dúró. Epo ti ń kọjá DOC lọ jó nínú asẹ́ gan-an, amọ̀ inú rẹ̀ lè yọ́.

Ṣé ẹ lè fipá sun ún?

Ẹ lè ṣe é, bí èérí ò bá tíì kọjá ààlà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi lélẹ̀. Ààlà yẹn kì í ṣe ìnilára. Èérí tó pọ̀ jù, bí gbogbo rẹ̀ bá gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ooru inú asẹ́ á kọjá ohun tí amọ̀ lè gbà, á là tàbí kó yọ́. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà fi máa ń kọ̀, ẹni tó bá sì wá ọ̀nà tan án jẹ ń fi asẹ́ tó ṣeé fọ̀ tayò.

Ìta gbangba ni ẹ ti máa ṣe é, kì í ṣe inú ilé tàbí abẹ́ òrùlé. Kò gbọ́dọ̀ sí koríko gbígbẹ, ewé, bébà tàbí epo nítòsí ẹnu sàlẹ́ńsà, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Ẹ wọn ọ́ìlì ṣáájú. Bó bá ti ga ju àmì lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí eérú ló kún un ńkọ́?

A jẹ́ pé ẹ máa tú u nìyẹn. Kò sí epo tí ẹ máa dà sínú táńkì tó lè kó eérú kúrò, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń gbé asẹ́ lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá síwájú kí eérú lè jáde síbi tó ti wọlé, wọ́n á gbé e sínú ààrò kí èérí tó kù lè jó, wọ́n á tún fẹ́ ẹ, wọ́n á sì tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà yọrí. Ẹ béèrè fún nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Fífi omi alágbára fọ̀ ọ́ nílé tàbí gbígbá a mọ́lẹ̀ kí eérú lè já lè fọ́ amọ̀ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ní ti ìgbà, òfin Amẹ́ríkà ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá nílò irú ìfọ̀mọ́ yìí kó tó rìn tó 150,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi 240,000 kìlómítà, ọ̀pọ̀ ló sì ń kọjá ibẹ̀. Ọ́ìlì tí ẹ bá ń dà sí i ló ń pinnu jù. Èyí tí wọ́n kọ API CJ-4 tàbí CK-4 sí lára, tàbí ACEA E6, ni wọ́n ṣe kí eérú rẹ̀ lè mọ níwọ̀n. Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ lè dára fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kó sì máa pa asẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Gígé e sọnù wá ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, òfin lòdì sí i. Àjọ tó ń mójú tó àyíká níbẹ̀ ṣírò lọ́dún 2020 pé ó lé ní 550,000 ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti gé irú nǹkan báyìí kúrò lára wọn láàárín ọdún mẹ́wàá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, látoṣù kejì ọdún 2014, ọkọ̀ tó yẹ kó ní asẹ́ tí kò ní in ò lè yege àyẹ̀wò ọdọọdún.

Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀, èmi ò rí ohun tí gígé rẹ̀ tún ṣe. Ínjẹ́kítọ̀ tó ń tú epo jù ṣì ń tú u, títí tó fi máa lu píṣítọ́ọ̀nù. Tọ́bò tó ń jò ṣì ń jò. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó kìlọ̀ ni wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tàbí pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ rí i dájú pé wọ́n sọ fún kọ̀ǹpútà pé asẹ́ ti mọ́. Òun ló ń ka iye eérú lórí ìṣirò ìrìn ọkọ̀. Bí wọn ò bá dá ìkà yẹn padà sí òdo, iná lè tún tàn lórí asẹ́ tuntun. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, torí èéfín tó bá ń jò níbẹ̀ á tún máa da sẹ́ńsọ̀ láàmú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ṣàkíyèsí iye wákàtí tó wà láàárín sísun kan sí èkejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iye yẹn yàtọ̀ lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ lára ọkọ̀ kan náà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò yẹ kó máa yí padà púpọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, rọ́bà tọ́bò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, kí iná tó tàn.